Ta Ló Ni Ajá Tó Ń Rìn Káàkiri Ìlú?



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ijó, ṣùgbọ́n ó kàn wá. Ajá ọ̀kan nínú wa gé ọmọ ẹlòmíràn nínú wa jẹ. A kó àgbà jọ, a bẹ bàbá ọmọ, ó gbà, a rò pé ó ti parí. Ní ọjọ́ kẹta ni nọ́ọ̀sì kan bi wá pé: "Ṣé ajá yẹn ti gba abẹ́rẹ́?" Kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ìlú ńlá la ti rí abẹ́rẹ́ ọmọ náà. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó wà láàyè. Ẹ̀bẹ̀ a máa parí ìjà, kì í wo àrùn dìgbòlugi. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà ń já sí.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ìṣàkóso irú ẹran bẹ́ẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní káńsù kékeré bíi tiwa, owó oṣù ló ń gba owó tán. Wólewóle kò tó, ọkọ̀ kò sí, iná kì í dúró, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù. Bí wólewóle bá mú ajá, kíá ni olówó rẹ̀ á yọjú. Bí ajá kan náà bá gé ènìyàn jẹ, kò ní olówó mọ́.

Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru káńsù. Àwa la ni àwọn ajá náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí 70 nínú 100 ajá bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn.

Nítorí náà, a ti pinnu: ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò so ajá rẹ̀. Ní 28 Oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, ẹgbẹ́ yóò san owó ọkọ̀ dókítà ẹran àti yìnyín. Káńsù yóò kó wólewóle wá. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó gba ilé ìwòsàn lọ. Kó má fi epo tàbí ata sí i.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọdún á yabo o.