Ohun Tí Ó Yẹ Kí Onílé Kọ́ńdò Mọ̀ Nípa Adójútòfò

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kan àwọn tí ń gbé ní Amẹ́ríkà nínú wa, tí wọ́n ti fi òógùn ojú wọn ra irú ilé tí a ń pè ní kọ́ńdò.

Kọ́ńdò kò rí bí ilé tí àwọn bàbá wa kọ́ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú. Nílé tiwa, ẹni tí ó ni ògiri ni ó ni òrùlé. Ṣùgbọ́n nínú kọ́ńdò, inú ilé nìkan ni ó jẹ́ tiyín. Òrùlé, àtẹ̀gùn àti ògiri ìta jẹ́ àjọni. Ìdí nìyí tí adójútòfò fi pín sí méjì: ẹgbẹ́ àwọn onílé ra ọ̀kan fún àjọni, olúkúlùkù sì ra tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní HO-6.

Àárín ìwé méjèèjì yìí ni ewu wà. Ìwé ẹgbẹ́ mìíràn kò kọjá ògiri lásán: bí iná bá jó kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná tàbí ilé ìwẹ̀ yín, ẹ̀yin ni ẹ ó tún un ṣe. Ti ẹgbẹ́ mìíràn kó gbogbo ìwọ̀nyí mọ́ra, àfi ẹrù yín. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gba ìwé adójútòfò ẹgbẹ́ àti òfin rẹ̀, kí ẹ kà á dáadáa. Ohun tí tiwọn kò bá kó ni kí ẹ fi tiyín dí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́rin. Èkíní: bí ẹrù bá jóná, ṣé iye tí a ó fi ra tuntun ni wọn yóò san, àbí iye tí ògbólógbòó tó? Èkejì: bí omi bá ti ilé yín jò ba ti aládùúgbò ìsàlẹ̀ jẹ́, èló ni wọn yóò san? Ẹ̀kẹta: bí jàǹbá bá ba àjọni jẹ́, tí owó adójútòfò ẹgbẹ́ kò tó, wọn yóò pín ìyókù lé onílé lórí. Ọ̀pọ̀ ìwé HO-6 kò fi ju 1,000 dọ́là sílẹ̀ fún èyí. Ẹ lè san owó díẹ̀ kún un kí ó lè pọ̀ sí i. Ẹ̀kẹrin: àgbàrá àti ìkún omi. HO-6 kì í san ti ìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ ti dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1968, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gba 30 ọjọ́ kí ó tó múlẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí òjò bá ṣú.

Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: adójútòfò kì í tún ohun tí a pa tì ṣe. Ní Surfside, ìpínlẹ̀ Florida, onímọ̀ ẹ̀rọ ti kọ̀wé ní ọdún 2018 pé kọnkéré ilé Champlain Towers South ti ń bàjẹ́. Ní 2021, ẹgbẹ́ pín owó àtúnṣe mílíọ̀nù 15 dọ́là lé àwọn onílé lórí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún náà, ilé ọ̀hún wó, ẹ̀mí 98 sì bá a lọ. Irú owó àtúnṣe bẹ́ẹ̀, HO-6 kì í san án. Ẹ máa lọ sí ìpàdé onílé. Ẹ bèèrè iye tí ó wà nínú àpò àtúnṣe.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Inú kọ́ńdò gan-an ni òwe yìí ti ṣẹ.