Iwájú Ilé Tó Yẹ Ká Yìn

 

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí iwájú ilé. Ẹni tó ń kọjá lọ kò rí yàrá wa, kò rí inú ìkòkò wa. Iwájú ilé ló ń rí. Ibẹ̀ ló ti ń mọ irú ẹni tó ń gbé inú ilé.

Ní ìhà Nàìjíríà, láyé òyìnbó, wolé-wolé ló ń yẹ ilé wò. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá dọ̀tí á san owó ìtanràn. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń gbálẹ̀. Àwọn ibòmíràn, ìyìn ni wọ́n ń lò. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1959 ni ìdíje ti wà fún ìlú àti abúlé tó gbin òdòdó. Ìlú tó bá ṣe dáadáa á gba pátákó tí wọ́n ya òdòdó sí, láti orí ẹyọ kan dé mẹ́rin. Ẹnu ọ̀nà ìlú ni wọ́n ń rì í mọ́.

Àwa náà ní Bẹ̀nẹ̀ ní Ọjọ́ Igi, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, láti ọdún 1985. A máa ń gbin igi lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: igi tí a gbìn nígbà òjò, ṣé ó ń yè títí ọyẹ́ fi dé?

Ẹ mọ̀ pé omi jìn sí wa lórí ilẹ̀ Kétu yìí. Bí gbogbo ilé bá gbin òdòdó, ta ni yóò pọn omi rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ìyàwó ilé ni, àti ọmọdébìnrin. Ẹwà tó ń mú ọmọ kúrò nílé ìwé, ẹwà kọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, bí abúlé yín bá fẹ́ yin iwájú ilé tó dára, ẹ wo nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, ilẹ̀. Ṣé wọ́n gbá a? Ṣé kò sí agolo tí omi òjò dúró sí? Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ṣé igbó kò bo ẹnu ọ̀nà, tí ejò lè sá pamọ́ sí?

Èkejì, ohun tí wọ́n gbìn. Pèrègún kì í béèrè omi púpọ̀. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, á hù. Ewúro náà ń hù bẹ́ẹ̀. Ó dára lójú, ó dára lọ́bẹ̀.

Ẹ̀kẹta, omi. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì, ẹ má dà á sójú ọ̀nà. Ìdí igi ni kí ẹ dà á sí. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ibẹ̀, kí oòrùn má baà tètè fa omi náà tán.

Ẹ má sì ṣe ìdájọ́ nínú oṣù kẹfà. Òjò ló ń bomi rin ọgbà gbogbo ènìyàn nígbà náà. Ọ̀lẹ àti akíkanjú dọ́gba. Ẹ dúró di oṣù kejì, kí ẹ tó wá wò.

Ẹ̀bùn kò ní láti tóbi. Ẹ pe orúkọ ẹni náà ní ìpàdé, kí a pàtẹ́wọ́ fún un. Àmọ́ bí ẹ bá kọ orúkọ baálé sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń pọn omi náà tẹ̀lé e. A ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.