Kí A Tó Tẹ Àtàǹpàkò sí Ìwé Owó Ọ̀pẹ

Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ti mú ìwé wá, pé kí a fọwọ́ sí owó ẹ̀yá tí a ó fi la igbó tuntun, kí a sì gbin ọ̀pẹ sí i. Kọ̀ǹpútà ló ṣe ìṣirò inú ìwé náà. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti wí, abùṣe bùṣe. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò.

Kọ̀ǹpútà kò mọ oko. Ní 1979 ni Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé ètò ìṣirò kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n pè ní VisiCalc. Bí o bá yí iye kan padà nínú rẹ̀, gbogbo ìyókù á tún ara wọn ṣírò. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ náà ni Excel ń ṣe. FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, tún ní RuralInvest, tí wọ́n ṣe fún okòwò ìgbèríko gan-an, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iye tí èèyàn bá kọ sí i ni gbogbo wọn ń ṣírò.

Ká ní ẹnì kan ná ₦1,000,000 lónìí láti la igbó, kó sì gbin ọ̀pẹ. Fún ọdún mẹ́ta kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó rí ₦500,000 ní ọdún kẹrin, ní ọdún karùn-ún àti ní ọdún kẹfà. Bí a bá fi ẹnu lásán ṣírò rẹ̀, ₦1,500,000 ló wọlé, a ó ní ó jèrè. Ṣùgbọ́n èlé kì í sùn. Bí èlé bá jẹ́ ₦20 lórí ₦100 lọ́dún, ẹni tó bá yá èèyàn ní nǹkan bí ₦241,000 lónìí yóò gba ₦500,000 ní ọdún kẹrin. Nítorí náà, ₦500,000 ọjọ́ iwájú yẹn kò ju ₦241,000 òní lọ. Bí a bá sọ owó ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di owó òní, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ₦610,000 lọ. Onítọ̀hún ti wọ gbèsè.

Ká wá ní ó gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sáàárín ọ̀pẹ, tó sì ń jèrè ₦200,000 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Àròpọ̀ rẹ̀ di nǹkan bí ₦1,031,000. Àgbàdo tí àwọn ọkùnrin kan níbí ń pè ní iṣẹ́ obìnrin ló yọ ọ̀pẹ nínú gbèsè! Síbẹ̀, bí ọ̀pẹ bá fi ọdún kan péré pẹ́ sí i kó tó so, bóyá nítorí ọ̀dá, owó náà á já sí nǹkan bí ₦929,000.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Láàárín 1959 sí 1960 ni Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àgbẹ̀, wọ́n wo àpẹẹrẹ Ísírẹ́lì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wọ ibẹ̀ ló kó ẹrù wọn jáde. Kòkó, rọ́bà àti ọ̀pẹ ń pẹ́ kó tó mówó wá, gbèsè sì ti ń dúró dè wọ́n.

Mo ti ka ìwé tiwa yìí tán. Kò sí ọdún ọ̀dá kankan nínú rẹ̀. Owó ọkọ̀ tí a fi ń kẹ́rù lọ sọ́jà kò sí níbẹ̀. Wọ́n kò sì sọ iye èlé tí wọ́n fi ṣírò.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti oko dé, kí ẹ wá sí ọ́fíìsì mi. Kí olúkúlùkù mú àkọsílẹ̀ àgbàdo tó tà lọ́dún tó kọjá dání, àti iye tó san fún ọlọ́kọ̀. A ó fi iye tiwa rọ́pò tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, ojú gbogbo wa ni yóò ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má tíì tẹ àtàǹpàkò títí di ọjọ́ náà.