Èèpo Ekùrọ́ àti Iṣẹ́ Kẹ́místírì

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí èèpo ekùrọ́ tí àwọn ìyá wa ń dà sẹ́yìn ẹbu. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti mọ iyì rẹ̀ tipẹ́. Èédú rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú irin gbóná.

Àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ń wá iṣẹ́ mìíràn fún irú èédú bẹ́ẹ̀. Ní 2004, ní Manchester, Andre Geim àti Konstantin Novoselov fi téèpù bó graphite, èédú inú pẹ́ńsù, títí ó fi ku awẹ́ kan tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Graphene ni wọ́n ń pè é. Irú kábọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ lè di kátálíìsì, èyíinì ni ohun tí ń mú kí èròjà kan tètè di òmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán síbẹ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Stanford fi ásíìdì tọ́jú kábọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú. Pẹ̀lú iná mànàmáná, ó sọ afẹ́fẹ́ ọ́ksíjìn di hydrogen peroxide, tí a fi ń fọ egbò, tí a sì fi ń sọ bébà di funfun. Palladium olówó iyebíye ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò fún un.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èédú ni ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Rosalind Franklin fi hàn ní 1951 pé àwọn èédú kan kì í di graphite, bí ooru tilẹ̀ dé 3,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti èèpo àgbọn wà lára wọn. Ní 2020 ni ẹgbẹ́ James Tour, ní Yunifásítì Rice ní Texas, rán iná mànàmáná gba inú èédú, ìdọ̀tí oúnjẹ àti táyà àlòkù, kí a tó ṣẹ́jú, graphene ti jáde. Nítorí náà ìrètí ń bẹ fún èèpo tiwa.

A gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa ta èèpo náà ní lọ́rì-lọ́rì. A kò kọ owó. Ṣùgbọ́n eérú ń bẹ nínú èédú, irin wẹ́wẹ́ sì ń bẹ nínú eérú. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, irin lè ṣe iṣẹ́, kí kábọ́ọ̀nù gba ìyìn. Èyí gba òṣùwọ̀n, ilé ẹ̀kọ́ girama wa kò sì ní ọ̀kan tí ó péye. Òṣùwọ̀n kan àti iléru kékeré kan ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún kí a tó ta lọ́rì kìíní. Akápò yóò gba orúkọ àwọn tí ó bá fẹ́ dáwó lẹ́yìn ìpàdé yìí.