Àlejò Tí Ń Gba Omi Lọ́wọ́ Onílé

 

Bí àwọn àgbà wa bá ń súre fún ènìyàn, wọn a máa wí pé kí ó lékè bí ojú oró àti òṣíbàtà ti ń lékè omi. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ewéko méjèèjì yìí ti ń gbé ojú omi wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, tàbí etídò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹ ó rí ewéko mìíràn tí ó ń borí àwọn méjèèjì. Ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ jẹ́ elésè-àlùkò. Water hyacinth ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àlejò ni, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Odò ńlá Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ni ó mú kí àwọn ènìyàn máa gbé e kiri láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sínú adágún omi ọgbà wọn. Ní 1984 ni a rí i ní odò Àgbádárìgì. Láti ọ̀nà omi Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni ó ti wọlé. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé ọ̀sà Èkó, Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè Òkìtìpupa.

Kí ni ó fún àlejò yìí lágbára ju onílé lọ? Nǹkan mẹ́ta ni.

Èkíní ni bíbí. Ó ń yọ ọmọ lára ìyá bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ó bá rí oúnjẹ àti oòrùn tó, iye rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín bí ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ẹyọ 1 bá bọ́ sódò lónìí, ní ọ̀sẹ̀ 2 ó di 2, ní ọ̀sẹ̀ 4 ó di 4, ní ọ̀sẹ̀ 6 ó di 8. Bí kò bá sí ohun tí ó dá a dúró, ní ọ̀sẹ̀ 20 yóò di 1,024. Ní ọ̀sẹ̀ 40 yóò lé ní 1,000,000.

Èkejì ni ìdúró rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ ni òṣíbàtà ta gbòǹgbò sí, ewé rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi. Àlejò yìí kò so mọ́ ibì kan. Afẹ́fẹ́ ń gbá a lọ, ewé rẹ̀ sì nà sókè. Ibi tí ó bá tẹ́ ẹní rẹ̀ sí, oòrùn kò dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ewéko abẹ́ omi a kú, a jẹrà, ẹja kò sì ní rí èémí mí. Apẹja kò rí ibi ta àwọ̀n sí, ọkọ̀ kò sì rí ọ̀nà gbà.

Ẹ̀kẹta ni ó tóbi jù: ó fi àwọn ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Àwọn kòkòrò tí ń jẹ ẹ́ ní Amazon kò bá a wọ ọkọ̀.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Iyọ̀ òkun ń pa á; nítorí náà ni ó ṣe ń dín kù ní ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, odò a tún gbé òmíràn wá. Bí a bá fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ kó o, irúgbìn rẹ̀ lè sùn nínú ẹrẹ̀ fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hù. Bí a bá fi oògùn pa á, omi tí ènìyàn ń mu ni à ń da oògùn sí.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe padà lọ wá ọ̀tá rẹ̀. Kòkòrò kékeré kan ni, Neochetina ni orúkọ rẹ̀, imú rẹ̀ gùn bí ti kòkòrò inú àgbàdo. Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí ọ̀pọ̀ ewéko mìíràn, kí ó má baà jẹ́ pé àlejò kejì ni yóò jẹ oko wa run. Ní 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní ilẹ̀ Benin. Ọmọ rẹ̀ a máa gbẹ́ inú igi ewé náà títí yóò fi rì. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ní Tévèdji, níbi tí ewéko náà ti bo omi pátápátá, ọdún 8 ni ó gbà kí ó tó dín kù sí bí ìdá 5 nínú 100. Kò tán, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rí ọ̀nà.

Iṣẹ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Ìdọ̀tí ilé àti ajílẹ̀ oko tí à ń jẹ́ kí ó ṣàn sódò ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má ṣe tìtorí òdòdó gbé e lọ sí omi mìíràn. Ẹ̀yin apẹja, ẹ yẹ àwọ̀n àti ọkọ̀ yín wò kí ẹ tó ti odò kan bọ́ sí òmíràn. Bí ẹ bá rí i ní díẹ̀díẹ̀, ẹ fà á kí ó tó yọ òdòdó, kí ẹ sá a sórí ilẹ̀ gbígbẹ, jìnnà sómi. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.