Ẹni Tó Borí Kò Dá Borí

(Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, bá ìpàdé gbogbogbò sọ ní Ìgbàrà-Òkè)

  Ọmọdé kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n bí àgbà bá ní kí ọmọdé sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ dákẹ́. Mo tọrọ gáfárà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ pé owó tí bàbá mi yá nínú ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi lọ́dún tí kòkó kò ṣe dáadáa. Ẹ̀yin lẹ dá owó náà jọ, àwọn méjì nínú yín ló sì ṣe onídùúró. Nítorí náà, nígbà tí Alága wá kí bàbá mi nílé, tí wọ́n bá mi nídìí ìwé ìtàn akànṣẹ́ kan, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ìjà la ní kó o lọ kọ́ ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín, wọ́n ní kí n wá sọ fún ìpàdé ohun tí mò ń rí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú yín.

Ìwé tí mò ń wí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ìwé ìgbésí ayé àwọn eléré ìdárayá ni: bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣubú, bí wọ́n ṣe dìde, àti ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí. Mo fẹ́ràn wọn nítorí pé ẹni tí a ń kà nípa rẹ̀ jẹ́ ènìyàn bíi tiwa.

Ìwé tí Alága bá lọ́wọ́ mi ni èyí tí Adeyinka Makinde kọ nípa Dick Tiger, tó jáde ní 2005. Richard Ihetu ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Amaigbo ní ilẹ̀ Ìbò ni wọ́n ti bí i ní 1929, ọjà Aba ló sì ti ń nájà kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Ní 1955 ó kọrí sí Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kan ẹ̀ṣẹ́. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi na án. Ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀dà kó lè jẹun, ó sì ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lẹ́yìn iṣẹ́. Ó di October 1962 kó tó na Gene Fullmer ní San Francisco, tó sì gba adé àgbáyé. Ó ti di ẹni ọdún 33. Ní August 1963, ó tún na Fullmer ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà kan níbí rántí ọjọ́ náà. Ní 1966, ó tún gba adé kejì, ti àwọn tó wúwo jù ú lọ.

Bí ìwé náà bá dúró síbẹ̀, ìdùnnú ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ogun abẹ́lé tó jà láti 1967 dé 1970 da ọ̀pọ̀ ohun tó kó jọ rú. Ní 1971, ẹni tó ti gba adé àgbáyé ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Ibẹ̀ ni àìsàn jẹjẹrẹ ti bá a. Ó padà wá sílé, ó sì kú ní December ọdún náà, lẹ́ni ọdún 42. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé, mo sì jókòó jẹ́ẹ́. Mo wá rí i pé okun ara kì í bá ènìyàn dé alẹ́, àti pé owó tí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo dì mú, jàǹbá kan ṣoṣo lè gbá a lọ. Ó jọ pé ohun tó mú kí àwọn bàbá wa dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ nìyẹn: kí a jẹ, kí ó sì ṣẹ́ kù, kí a sì má dá nìkan tọ́jú ohun tó ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn àwọn tiwa. Muda Lawal ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dé Shooting Stars ti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ náà ló gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú ife bẹ́ẹ̀. Ní 22 March 1980, ní pápá ìṣeré tó wà ní Surulere, Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0, Segun Odegbami gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹyọ kan. Odegbami yìí kò fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poli ní Ìbàdàn. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò lè sáré mọ́, orí ṣì ń ṣiṣẹ́: ó ń kọ̀wé, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ eléré ìdárayá sílẹ̀ ní Wasimi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ àléébù kan tí mo rí lára àwọn ìwé wọ̀nyí. Ẹni tó borí nìkan ni wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin bá jáde nílé láti lọ di agbábọ́ọ̀lù, tí ẹyọ kan bá là, ti ẹyọ kan yẹn la ó kà. Àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù, ta ló kọ tiwọn sílẹ̀? Ẹni tó bá ka ìwé náà láìrò ó á ní, "Ó ṣe iṣẹ́ kára, ó sì là, èmi náà yóò ṣe iṣẹ́ kára, n óò sì là." Àwọn tí kò là ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ṣe iṣẹ́ kára pẹ̀lú. Ohun tí ìwé kò sọ ṣe pàtàkì bí ohun tó sọ.

Àléébù kejì ni pé ìwé máa ń mú kó dà bíi pé ẹnì kan ló ṣe gbogbo rẹ̀. Bí a bá kà á fínnífínní, a ó rí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ẹni tó fún un lóúnjẹ, àti ẹni tó yá a lówó. Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó eré sísá tí ẹni mẹ́rin máa ń sá, tí ọ̀kan á fi ọ̀pá lé èkejì lọ́wọ́. Ní Sydney ní ọdún 2000, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong sá irú eré yìí fún Nàìjíríà. Amẹ́ríkà ló ṣáájú wọn, wọ́n sì ṣe ipò kejì. Ní 2008, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, Antonio Pettigrew, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn agbára tí òfin kọ̀. Wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ gbogbo wọn nítorí ohun tí ẹnì kan ṣe níkọ̀kọ̀. Ní 2012 ni wọ́n wá fi góòlù náà fún Nàìjíríà. Sunday Bada ti kú ní December 2011. Kò fi ojú rẹ̀ rí i.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa nìyẹn? Ẹni tó yá owó tí kò san án, kì í ṣe òun nìkan ló pàdánù. Onídùúró pàdánù, ẹni tó yẹ kó yá owó tẹ̀ lé e pàdánù. Ẹni tó sì sá eré òtítọ́, ẹ̀san rẹ̀ lè pẹ́, ó lè má tilẹ̀ bá a láyé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò bàjẹ́.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Bàbá mi ti fún mi láyè kí n sọ ọ́. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan wá bá bàbá mi pé òun lè mú un lọ sí òkè òkun, pé kí wọ́n mú owó ńlá wá kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ẹlòmíì yóò gba àyè náà. Bàbá mi ti ń gbèrò láti wá yá owó náà níbí. Wọ́n tilẹ̀ ti bá àwọn onídùúró sọ̀rọ̀, àwọn méjì tó ṣe tèmi náà ni.

Mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ohun tí mo ti kà hàn wọ́n. Òfin FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ lọ bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi fún àwọn ìdí díẹ̀ tí òfin náà kà sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n bi ọkùnrin náà: ẹgbẹ́ wo ló fẹ́ gbà á? Lẹ́tà ẹgbẹ́ náà dà? Ìwé àṣẹ tó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí dà? Bàbá mi bi í. Ó ní lẹ́tà ń bọ̀. Oṣù parí, lẹ́tà kò dé, bàbá mi kò sì mú owó jáde.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ilé dùn. Àbúrò mi ní èmi ni mo dí òun lọ́nà. Ó ní wọ́n yá owó fún ìwé tèmi, wọn kò yá owó fún ẹsẹ̀ tòun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ó ṣì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kì í bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo fún un ní ìwé Dick Tiger náà. Kò tíì sọ fún mi bóyá ó ṣí i.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta sí ìpàdé yìí. Èkíní, bí òbí kan bá wá yá owó nítorí eré ìdárayá ọmọ rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ má lé e, ṣùgbọ́n kí wọ́n béèrè lẹ́tà ẹgbẹ́, ọjọ́ orí ọmọ, àti ìwé àṣẹ aṣojú náà, kí owó tó jáde. Èkejì, bí a ti ń yá owó fún ìwé, ẹ jẹ́ kí a lè yá díẹ̀ fún ohun tí eléré ń lò nílé níbí: bàtà, owó ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ fún ìdíje, àti owó ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ kó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ bí ẹsẹ̀ bá kọ̀. Ìyẹn kò tó ohun tí àwọn aláṣojú ń béèrè rárá. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ra ìwé díẹ̀ sí ọ́fíìsì, kí àwọn ọmọ wa lè máa kà á.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé bọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò bára tan. Barcelona tí àwọn ọmọ wa ń wọ aṣọ rẹ̀ kiri kì í ṣe ti olówó kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín, wọ́n lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, ẹnì kan, ìbò kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é níbí.

Ní ti èmi, gbèsè tó kù lórí owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ṣì wà nínú ìwé Akápò. Bí mo bá parí tí mo sì ríṣẹ́, èmi ni n óò gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ bàbá mi. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọ̀pá jábọ́ lọ́wọ́ wa.