Àwòrán Yíyà àti Àwòrán Tí Ń Rìn: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Òfì Àwọn Ìyá Wa



Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé fídíò àti àwòrán orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ méjì tí a lè kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì wá lẹ̀ wọ́n pọ̀ níkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí a wo òfì olóòró tí àwọn obìnrin Bùnú fi ń hunṣọ láyé àtijọ́. Òwú òòró ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta. Òwú ìbú ni ó ń gbé ọnà wọlé. Ẹni tí kò bá ro ọnà rẹ̀ kí ó tó ta òwú, kò lè fi agbára mú un wọ inú aṣọ lẹ́yìn náà. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó bí aṣọ ìpò pupa, tí a mọ̀ mọ́ ìsìnkú ìjòyè àti ẹ̀wù eégún.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fídíò rí. Nínú ìlànà tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa, àwòrán 25 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú wa ni ó ń so wọ́n pọ̀ di ìrìn. Bí a bá fẹ́ fi àwòrán yíyà kún un, a ó ta aṣọ aláwọ̀ ewé sẹ́yìn òṣèré. Kọ̀ǹpútà yóò yọ àwọ̀ náà kúrò, yóò sì fi igbó tàbí ààfin rọ́pò rẹ̀. Òṣèré tí ó bá wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ara rẹ̀ yóò pòórá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti apá ọ̀tún wá, tí òjìji igi tí a yà sì tún ṣubú sí ọ̀tún, ọmọdé pàápàá yóò mọ̀ pé irọ́ ni. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: aránṣọ, ayàwòrán àti ẹni tí ó di kámẹ́rà mú gbọ́dọ̀ jọ gbìmọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú Aiyé ti Hubert Ògúndé, tí Ọlá Balógun darí ní 1979, ọgbọ́n sinimá ni wọ́n fi sọ agbára àìrí di ohun tí ojú ń rí. Nínú Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan ní 2022, kọ̀ǹpútà ni ó ya ẹyẹ àkàlà tí ó jí Sàró dìde. Ẹ̀rọ ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn tiwa ni ó gbé méjèèjì ró.

Ohun tí ń kọ mí lóminú nìyí: àwòrán tí a ti yà sílẹ̀ lókè òkun pọ̀ lọ jàra fún ẹni tí ó bá fẹ́ mú un. Bí a bá ń fi wọ́n kún eré wa, ọmọ ọmọ wa yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Kábà rí látijọ́.

Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì-Ìjùmú, ti fi hàn pé a lè kọ́ ọ̀dọ́ ní ọnà ìbílẹ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ fídíò kọ́kọ́ jókòó ti ahunṣọ, kí ó da ọnà rẹ̀ kọ, kí ó sì béèrè orúkọ rẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ yóò máa yí padà. Ṣùgbọ́n ọnà tí ó bá ti parun, kò sí ẹ̀rọ tí yóò rántí rẹ̀ fún wa.